Àmì Ayò Méjì Péré

 Ní abala yìí, ọ̀rọ̀ owó ilé, ọ̀rọ̀ ìwé àṣẹ ìgbélùú àti ọ̀rọ̀ oúnjẹ ni a sábà máa ń sọ. Lọ́tẹ̀ yìí, ẹ jẹ́ kí á sọ ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù díẹ̀. Mo bẹ ẹ̀yin tí ẹ kì í wo bọ́ọ̀lù, ẹ má tíì ṣí ìwé lọ sí ojú ewé tó kàn. Ìjà kékeré kan tó ṣẹlẹ̀ láàrin àwọn àgbà àti àwọn ọmọdé wa ni mo fẹ́ rò fún yín, ìjà náà sì kan gbogbo wa.

Ní alẹ́ ọjọ́ Ajé, ọjọ́ 7 oṣù Kẹrin ọdún 2025, a pé jọ sí ilé ẹ̀gbọ́n wa kan ní apá gúúsù ìwọ̀-oòrùn ìlú Houston. Iyán wà nílẹ̀, ẹ̀fọ́ rírò wà nílẹ̀, ẹran pọ̀ ju ẹni tí yóò jẹ ẹ́ lọ. Àṣekágbá bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀ àwọn yunifásítì Amẹ́ríkà ni a fẹ́ wò, Yunifásítì Houston pẹ̀lú Yunifásítì Florida, ní ìlú San Antonio. Houston kò gba ife yìí rí láti ọjọ́ tí wọ́n ti dá a sílẹ̀. Nígbà tí àbọ̀ kejì eré bẹ̀rẹ̀, wọ́n fi àmì ayò méjìlá ṣíwájú. Ariwo gba ilé kan. Ẹnìkan tilẹ̀ ti ń fóònù àwọn ará Dallas láti fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́.

Ẹ mọ̀ pé a kì í dúpẹ́ ọjà kí á tó nájà tán. Díẹ̀díẹ̀ ni Florida ń bọ̀, títí wọ́n fi gba iwájú, 65 sí 63. Ó ku bí ogún ìṣẹ́jú àáyá, bọ́ọ̀lù wà lọ́wọ́ Houston. Emanuel Sharp fò sókè pé kí òun jù ú, Walter Clayton ti Florida ti dé iwájú rẹ̀, ló bá sọ bọ́ọ̀lù sílẹ̀. Bí ó bá tún fọwọ́ kàn án, ó ti rú òfin nìyẹn. Ó ń wò ó bí ó ti ń ta nílẹ̀, títí ará Florida kan fi rọ́ lù ú, aago sì lu. Houston kò tilẹ̀ rí bọ́ọ̀lù ìkẹyìn náà jù.

Ilé pa rọ́rọ́. Àbúrò wa kan, tó ń kọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ ní yunifásítì náà, ṣí fìlà pupa orí rẹ̀, ó jù ú sábẹ́ àga, ó sì gbé orí lé orúnkún. Ẹ̀gbọ́n onílé wò ó, ó rẹ́rìn-ín, ó ní:

“Àbúrò, èyí kò tó nǹkan. Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Ìwọ ì bá wà níbí ní 1983!”

Àbúrò gbé orí sókè, ojú rẹ̀ ti pọ́n. Ó ní:

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ forí jì mí. Wọn ò tíì bí mi ní 1983. Ti òní ni ó ń dùn mí.”

Kò sí èébú nínú ọ̀rọ̀ náà, ṣùgbọ́n ohùn tó fi sọ ọ́ le. Ẹ̀gbọ́n dákẹ́. Ẹnìkan ní kí àbúrò dọ̀bálẹ̀ kíá, ẹlòmíràn ní kí ló ṣe tí yóò fi dọ̀bálẹ̀. Kí á tó mọ̀, àwọn àgbà ti wà lápá kan, àwọn ọmọdé ti wà lápá kejì, kò sì sí ẹni tó ń jẹ iyán mọ́.

Láti alẹ́ náà ni ọ̀rọ̀ yìí ti wà lọ́kàn mi. Mo ti bi àwọn tó wà níbẹ̀ léèrè lọ́kọ̀ọ̀kan, ohun tí mo sì rí ni mo fẹ́ tò sílẹ̀.

Kí á kọ́kọ́ là á yé ẹni tí kò mọ̀. Ìdíje yìí kò ní àánú. Ní 2025, ẹgbẹ́ 68 ni ó wọ̀ ọ́. Ẹni tó bá pàdánù lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo ti di èrò ilé, ẹni tí yóò sì gba ife ní láti borí lẹ́ẹ̀mẹ́fà léra wọn, ó kéré tán. Ohun kejì ni pé àwọn tó ń gbá a kì í pẹ́ níbẹ̀. Ọdún mẹ́rin tàbí márùn-ún, ọ̀pọ̀ nínú wọn a lọ. Láti 2021 tí wọ́n ti gbà wọ́n láyè láti máa fi orúkọ ara wọn pa owó, ọ̀pọ̀ nínú wọn tún ń ti ilé ẹ̀kọ́ kan bọ́ sí òmíràn. Akẹ́kọ̀ọ́ a gba oyè, a lọ. Akọ́nimọ̀ọ́gbá a fẹ̀yìn tì. Alátìlẹ́yìn nìkan ni í dúró fún ogójì tàbí àádọ́ta ọdún, ohun tí ojú rẹ̀ kọ́kọ́ rí ni yóò sì máa fi wọn gbogbo ohun tó bá dé lẹ́yìn rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí á bẹ̀rẹ̀ lórí ẹni tó dàgbà jù. Bàbá kan wà níbẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà, ọmọ Amẹ́ríkà dúdú, aládùúgbò ẹ̀gbọ́n wa. Ní 1964 ni Elvin Hayes àti Don Chaney wọ Yunifásítì Houston, àwọn sì ni aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tó gbá bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀ fún ilé ẹ̀kọ́ náà. Ní ọjọ́ 20 oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1968, Houston gba UCLA lálejò nínú Astrodome, níṣojú èrò 52,693. UCLA ti borí nínú eré 47 léra wọn. Hayes nìkan jẹ àmì ayò 39, Houston sì lù wọ́n, 71 sí 69. Bàbá wà níbẹ̀, ọmọ ọdún méjìdínlógún ni. Ó ní ibi tí òun jókòó sí jìnnà débi pé àwọn agbábọ́ọ̀lù rí bí èèrà lójú òun.

Oṣù méjì lẹ́yìn náà, UCLA tún pàdé wọn nínú ìdíje gan-an ní Los Angeles, wọ́n sì nà wọ́n ní ànàbolẹ̀, 101 sí 69. Mo bi Bàbá léèrè bí ìyẹn ti rí lára rẹ̀. Ó ní:

“Èmi kò fi bẹ́ẹ̀ rántí ìyẹn. Nígbà tí mo wà ní kékeré, wọn kò gba irú mi sí ilé ẹ̀kọ́ yẹn. Ọjọ́ tí mo rí Hayes láàrin Astrodome, tí gbogbo Amẹ́ríkà ń wò ó lórí tẹlifíṣàn, mo ti gba ife tèmi.”

Ẹ rí i pé fún Bàbá, ìṣẹ́gun ti parí láti 1968. Gbogbo èyí tó kù, èènì ni. Nígbà tí Sharp sọ bọ́ọ̀lù sílẹ̀, Bàbá mi orí, ó bu omi mu, ó sì béèrè bóyá ẹran ṣì wà.

Ẹ̀gbọ́n onílé ńkọ́? Ní 1981 ni ó dé Houston láti kọ́ ìṣirò owó. Ọmọ Yorùbá kan láti Èkó ti ṣíwájú rẹ̀ débẹ̀ ní 1980, Akeem Ọlájuwọ́n, ẹni tí gbogbo ayé wá mọ̀ sí Hakeem. Bọ́ọ̀lù ọlọ́wọ́ ni ọmọ náà ń gbá ní Èkó, ó sì máa ń ṣe aṣọ́lé nínú bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀. Kò tíì pẹ́ rárá tó mọ alápẹ̀rẹ̀. Ẹ̀yin náà ẹ rò ó wò. Ẹ wà nílẹ̀ àjèjì, olùkọ́ kan kò lè pe orúkọ yín tán, lọ́jọ́ kan ẹ tan tẹlifíṣàn, ẹ sì gbọ́ orúkọ Yorùbá. Ẹ̀gbọ́n ní wọ́n ń pè é ní ìpèkúpè, ṣùgbọ́n wọ́n ń pè é, ìyẹn sì tó òun.

Ní 1982, North Carolina dá Houston dúró nígbà tó ku eré kan sí àṣekágbá, 68 sí 63. Kò sí ẹni tó bínú púpọ̀, nítorí wọ́n mọ̀ pé ọdún ń bọ̀. Ní 1983, Houston borí nínú eré 26 léra wọn, òun ni wọ́n kà sí ipò kìn-ín-ní ní gbogbo Amẹ́ríkà. Ní ọjọ́ 4 oṣù Kẹrin, ní ìlú Albuquerque, wọ́n pàdé North Carolina State, ẹgbẹ́ tó ti pàdánù lẹ́ẹ̀mẹ́wàá lọ́dún náà. Ta ni kò mọ ẹni tí yóò gba ife?

North Carolina State ló ṣíwájú ní àbọ̀ àkọ́kọ́. Lẹ́yìn ìsinmi, Houston lé wọn bá, wọ́n sì fi àmì ayò méje kọjá wọn. Guy Lewis, akọ́nimọ̀ọ́gbá Houston, wá ní kí wọ́n máa rọra gbá a kí àkókò lè lọ. Ìrọra náà kò bá wọn lára mu. Eré di 52 sí 52. Ní ìparí, Dereck Whittenburg ju bọ́ọ̀lù láti òkèèrè, kò tilẹ̀ dé ibi àpẹ̀rẹ̀. Lorenzo Charles gbà á lófuurufú, ó tì í bọnú àpẹ̀rẹ̀, aago lu. 54 sí 52. Àmì ayò méjì péré, gẹ́gẹ́ bí ti 2025. Ọmọ wa jẹ àmì ayò 20, ó já bọ́ọ̀lù gbà lẹ́ẹ̀méjìdínlógún, wọ́n sì yàn án ní agbábọ́ọ̀lù tó yọrí jù nínú ìdíje náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹgbẹ́ tirẹ̀ ni ó pàdánù. Ọlá ju wọ́n lọ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ife kò sí lọ́wọ́.

Ní 1984 wọ́n tún dé àṣekágbá, Patrick Ewing àti Georgetown tún lù wọ́n, 84 sí 75. Ìgbà tí Hakeem di agbábọ́ọ̀lù agbowó tán ni ó tó fi gba ife fún ìlú Houston pẹ̀lú Rockets, ní 1994 níwájú Ewing kan náà, àti ní 1995 pẹ̀lú Clyde Drexler tí wọ́n jọ jìyà 1983. Ẹ̀gbọ́n jó ní ìgboro lọ́dún méjèèjì. Síbẹ̀, ó sọ fún mi pé ìyẹn kò pa ti 1983 rẹ́. Àwọn ìran tirẹ̀ kò wo ife náà bí ohun tí wọ́n ń wá. Wọ́n ti kà á mọ́ ẹrù ilé. Nítorí náà, ó rí lójú wọn bí ìgbà tí olè wọlé.

Àǹtí wa kan wà níbẹ̀ tó jẹ́ pé ìgbà ìyàn ni ó wọ yunifásítì náà. Ó débẹ̀ ní 1988, ó gba oyè ní 1992. Ẹ fetí sí èyí: lẹ́yìn 1984, Houston kò borí nínú eré ìdíje náà mọ́ títí di 2018. Odidi ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n! Ẹ̀ẹ̀mẹ́rin péré ni wọ́n wọ ìdíje náà láàrin àkókò yẹn, ní 1987, 1990, 1992 àti 2010, eré àkọ́kọ́ ni wọ́n sì ti ń lé wọn wálé nígbàkúùgbà. Kelvin Sampson ni ó tún ilé tó wó náà kọ́, láti 2014. Ní oṣù Kẹta 2018, Houston lu San Diego State, 67 sí 65. Àǹtí ní òun dín àkàrà pín fún àwọn aládùúgbò lọ́jọ́ náà. Ọjọ́ méjì lẹ́yìn náà, wọ́n pàdé Michigan. Wọ́n wà níwájú títí Jordan Poole fi ju ọ̀kan láti òkèèrè bí aago ti fẹ́ lu, Michigan sì borí, 64 sí 63. Mo ní, “Àǹtí, ṣé ẹ rí oorun sùn?” Ó ní, “Mo sùn bí ọmọ tuntun. Èmi tí n kò jẹun láti 1988, ṣé àìrí ẹran jẹ ni yóò wá pa mí lẹ́kún?”

Ó wá ku àbúrò wa. Ní 2023 ni ó wọlé. Ní ọdún àkọ́kọ́ rẹ̀, Houston borí lẹ́ẹ̀méjìlélọ́gbọ̀n, wọ́n pàdánù lẹ́ẹ̀márùn-ún. Ní ọdún kejì, wọ́n borí lẹ́ẹ̀márùndínlógójì. Ọjọ́ méjì ṣáájú àṣekágbá, Duke ti fi àmì ayò mẹ́rìnlá ṣíwájú wọn, wọ́n sì tún jí dìde, wọ́n lu Duke, 70 sí 67. Kí ni ẹ fẹ́ kí ọmọ náà rò? Ojú rẹ̀ kò rí ìyàn, kò sì sí ẹni tó sọ fún un pé ìyàn ti mú rí. Bí ó ti rò pé ayé ṣe rí nìyẹn. Àwọn àgbà a máa sọ pé ojú tó ti rí òkun kò ní í rí ọ̀sà kó bẹ̀rù. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ọmọ tí kò tíì rí òkun, ọ̀sà ni òkun tirẹ̀, omi rẹ̀ a sì máa gbé ènìyàn lọ.

Ẹ jẹ́ kí á padà sí pálọ̀ ẹ̀gbọ́n. Nígbà tí ariwo pọ̀ jù, Àǹtí ni ó dìde. Ó kọ́kọ́ kúnlẹ̀ fún ẹ̀gbọ́n, ó ní:

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú, àkísà kọ́ ni à ń fi yangàn. Ìwọ náà, àbúrò, gbọ́. Ọdún mẹ́rin ni mo lò nílé ẹ̀kọ́ yẹn, n kò rí eré kan tó tó ohun tí ènìyàn ń sunkún lé lórí. Ẹni tó ń sunkún àṣekágbá, ó ti dé àṣekágbá. Bí wọ́n bá ń ta irú ẹkún yẹn nígbà tiwa, mo bá ti fi owó ilé mi rà á.”

Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Ẹ̀gbọ́n kò rín. Ó jókòó, ó wo ilẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, ó wá sọ ohun tí ìyàwó rẹ̀ pàápàá ní òun kò gbọ́ rí.

Ó ní lẹ́yìn tí Houston lu Louisville, 94 sí 81, tó sì ku àṣekágbá 1983 nìkan, òun kọ lẹ́tà sí bàbá òun ní Abẹ́òkúta pé ọmọ wa láti Èkó ti gba ife Amẹ́ríkà. Lẹ́tà a máa pẹ́ lọ́nà nígbà náà, òun sì fẹ́ kí ìròyìn ayọ̀ tètè délé. Òun jù ú sínú àpótí lẹ́tà láàárọ̀ ọjọ́ Ajé. Lálẹ́ ọjọ́ náà ni Charles ti bọ́ọ̀lù bọnú àpẹ̀rẹ̀.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, èsì dé. Bàbá ti ka lẹ́tà náà sétí gbogbo agboolé. Wọ́n ti gbàdúrà fún ọmọ náà, wọ́n sì gbàdúrà fún òun tó fi ìròyìn rere ránṣẹ́. Ojú ti ẹ̀gbọ́n. Oṣù mẹ́rin gbáko ni kò kọ̀wé sílé. Wọ́n rò pé ó ń ṣàìsàn. Ìyá rẹ̀ ti ń gbààwẹ̀ nítorí rẹ̀. Nígbà tó kọ òtítọ́ sílẹ̀ níkẹyìn, ó múra sílẹ̀ fún ìbáwí. Ìlà mẹ́ta ni bàbá rẹ̀ fi dá a lóhùn: “Ṣé ọmọ náà ń jẹun? Ṣé ìwọ náà ń jẹun? Kí ó máa gbá a lọ.”

Ẹ̀gbọ́n wá kọjú sí àbúrò, ó ní: “Oṣù mẹ́rin yẹn ni ó ń dùn mí tí mo fi ń pariwo 1983. Bọ́ọ̀lù ti tán lára mi tipẹ́.”

Ẹ̀yin ará mi, ibi tí mo ń lọ nìyí. Mélòó nínú wa ni ó wà nínú irú oṣù mẹ́rin bẹ́ẹ̀ báyìí? A kì í kọ lẹ́tà mọ́, fóònù wà lọ́wọ́ gbogbo wa, síbẹ̀ àwọn kan wà láàrin wa tí wọn kò pe ilé láti ìgbà tí èsì ìdánwò ti jáde. Wọ́n ti sọ fún ilé pé àwọn ti yege kí èsì tó dé. Nígbà tí irú àbúrò bẹ́ẹ̀ bá sì gbìyànjú láti la ẹnu, àwa àgbà a ti kó 1983 tiwa sílẹ̀: “Nígbà tiwa, iṣẹ́ mẹ́ta ni a ń ṣe mọ́ ìwé. Nígbà tiwa, inú òtútù ni a sùn.” A rò pé à ń tù ú nínú, a sì ń ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn. Àgbà kì í wà lọ́jà kórí ọmọ tuntun wọ́. Ohun tí àgbà lè ṣe ni kí ó tún orí náà ṣe, kí ó tó ròyìn bí orí tirẹ̀ náà ti wọ́ rí.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ náà, ẹ má rò pé ọgbẹ́ tó ti pẹ́ ti jinná. Bí àgbà kan bá ń tún ìtàn kan náà sọ ṣáá, ẹ fi sùúrù bi í léèrè ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn tí eré parí. Ó lè jẹ́ ibẹ̀ ni ìtàn gan-an wà.

N kò lè sọ fún yín pé gbogbo rẹ̀ dùn tán lálẹ́ ọjọ́ náà. Àbúrò kò rẹ́rìn-ín títí a fi túká. Ṣùgbọ́n ó dọ̀bálẹ̀ fún ẹ̀gbọ́n kí ó tó jáde, láìsí ẹni tó rán an, ẹ̀gbọ́n sì bẹ̀rẹ̀, ó bá a mú fìlà rẹ̀ jáde lábẹ́ àga.

Ẹni tó bá ní èrò tirẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ yìí, kó kọ ọ́ ránṣẹ́ sí wa fún ìwé tó ń bọ̀. Ẹni tí kò bá sì tíì pe ilé láti ọjọ́ mẹ́ta yìí, kó jọ̀wọ́ kọ́kọ́ pe ilé ná. Ó dìgbà kan ná o.